Ta Ni Ọmọ Onílẹ̀ Àfonífojì Yìí?

Fort Qu'Appelle,
Saskatchewan,
Kánádà.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ kú ìtọ́jú Màmá, ẹ sì kú àmójútó ilé. Mo gbọ́ pé orúnkún wọn ti ń rọ̀ wọ́n díẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa. Ara le fún gbogbo wa níbí. Bàbá àwọn ọmọ ní kí n kí yín, àwọn ọmọ náà sì kí yín púpọ̀.

Nígbà tí mo sọ fún yín lórí fóònù pé a ti ń dúnàádúrà ilé kan létí adágún, ẹ ò bi mí ní iye tí wọ́n dá lé e. Ohun tí ẹ bi mí ni pé, "Ta ni ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀?" Mo ní n óò kọ ọ́ ránṣẹ́, torí ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe èyí tí èèyàn ń sọ nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń já. Lọ́yà ti fi ìwé ilẹ̀ hàn wá. Ìwé náà mọ́, kò ní ẹjọ́ nínú, ṣùgbọ́n kò dáhùn ìbéèrè yín. Mo wá ń bi àwọn àgbà ìlú, mo ń ka ìwé, mo ń lọ wo ibi tí wọ́n bá júwe fún mi. Ohun tí mo rí ni mo kọ síbí. Mo mọ̀ pé ẹ óò kà á sétígbọ̀ọ́ gbogbo ilé, nítorí náà ẹ bá mi fi sùúrù kà á.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ilẹ̀ náà ṣe rí. Tí èèyàn bá gbéra ní Regina, olú ìlú ìpínlẹ̀ yìí, tó kọrí sí ìhà ìlà oòrùn, ọ̀dàn ló máa rí. Ọ̀dàn tiwa ní Òkè Ògùn ní igi ẹmì àti igi irú káàkiri, òkúta ńláńlá sì ń yọrí lọ́tùn-ún lósì. Tibí tẹ́ pẹrẹsẹ dé ibi tí ojú lè ríran mọ: oko àlìkámà, oko kánólà tí òdòdó rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí oṣù keje bá dé, àti ọ̀nà tó lọ gbọnrangandan láìyà. Ẹ óò ti gbà pé kò sí nǹkan mìíràn níwájú. Lójijì ni ilẹ̀ yóò là, ọ̀nà yóò dorí kodò, adágún yóò sì yọ sí yín nísàlẹ̀. Àfonífojì Qu'Appelle nìyẹn.

Odò tó ń ṣàn nínú rẹ̀ kò tó nǹkan. Àwọn ibì kan wà tí ọmọdé lè ju òkúta kọjá rẹ̀. Àmọ́ àfonífojì náà fẹ̀ ju kìlómítà kan lọ, ó sì jìn ju mítà 100 lọ ní ibòmíràn. Kì í ṣe odò yìí ló gbẹ́ ẹ. Ní nǹkan bí ọdún 14,000 sẹ́yìn, yìnyín ló bo gbogbo ilẹ̀ yìí mọ́lẹ̀. Nígbà tí ayé ń móoru, tí yìnyín ń yọ́, omi rẹ̀ kò ríbi gbà lọ sí àríwá torí pé yìnyín ṣì dí ọ̀nà ibẹ̀. Ó wá ya gba ẹ̀gbẹ́ yìnyín náà lọ sí ìlà oòrùn, ó ń ru, ó ń ha ilẹ̀ lọ títí ó fi gbẹ́ kòtò ńlá yìí. Odò òní kàn dà bí ọmọ kan tó jogún ààfin tí kò sí nínú àwọn tó kọ́ ọ ni. Ó rin nǹkan bí kìlómítà 430 kó tó wọnú odò Assiniboine ní ìpínlẹ̀ Manitoba, láti ibẹ̀ omi náà sì ń bá ìrìn lọ títí dé Hudson Bay.

Adágún mẹ́rin tò tẹ̀ léra wọn níbi tí a wà: Pasqua, Echo, Mission àti Katepwa. Àwọn odò kéékèèké tó ń ya wọlé láti ẹ̀gbẹ́ ló ń kó iyẹ̀pẹ̀ wá, iyẹ̀pẹ̀ náà gbára jọ, ó sé omi, ó di adágún. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì àfonífojì náà kò jọra. Ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí gúúsù, níbi tí oòrùn ń mú ganrínganrín, koríko gbígbẹ nìkan ló wà níbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kejì tó kọjú sí àríwá, igbó ni. Tí ìrì dídì bá ti bo ilẹ̀, ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí oòrùn ló máa ń kọ́kọ́ yọ́. Òtútù ibẹ̀ kì í ṣe ọyẹ́ rárá, Bàbá. Adágún a dì débi pé mọ́tò á máa rìn lórí rẹ̀, àwọn èèyàn á lu ihò sí i, wọ́n á jókòó, wọ́n á máa fi ìwọ̀ pẹja. Bí oṣù keje bá sì dé, a ó máa já èso saskatoon lára igi kéékèèké tó wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè. Ó ń ta ẹnu bí èèyàn bá já a kó tó pọ́n, bó bá pọ́n tán ó dùn púpọ̀, àwọn ọmọ yín kì í jẹ́ kó délé.

Ó wá kan àwọn tó ni ín. Àwọn Cree, àwọn Saulteaux àti àwọn Nakoda ni wọ́n ń gbé ilẹ̀ yìí, tí wọ́n ń dẹdẹ ẹfọ̀n nínú ọ̀dàn, tí wọ́n sì ń sọ̀ kalẹ̀ sínú àfonífojì bí òtútù bá dé, torí ibẹ̀ ni igi ìdáná, ẹja àti ibi ìsápamọ́ lọ́wọ́ ẹ̀fúùfù wà. Àwọn Dakota náà wá láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà lẹ́yìn ogun tí wọ́n bá ìjọba ibẹ̀ jà ní 1862, wọ́n sì ní ilẹ̀ tiwọn ní etí adágún Echo títí dòní. Àwọn Métis, tí wọ́n jẹ́ ọmọ àwọn ìyá onílẹ̀ àti àwọn bàbá òyìnbó oníṣòwò awọ ẹran, tẹ̀dó sí Lebret, ìlú kékeré tó sún mọ́ wa gan-an. Ẹfọ̀n tí gbogbo wọn ń jẹ, tí wọ́n ń fi awọ rẹ̀ ṣe àgọ́ àti aṣọ, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá nígbà tí 1880 fi máa pé. Ìbọn àti ọjà awọ ló run wọ́n. Egungun wọn pọ̀ nílẹ̀ débi pé nígbà tí rélùwéè dé, wọ́n ń ṣa wọ́n, wọ́n ń kó wọn sínú ọkọ̀ ojú irin, wọ́n ń tà wọ́n fún àwọn tó ń fi wọ́n ṣe ajílẹ̀. Bàbá, ẹ rò ó wò: ká fi oúnjẹ odidi ìran kan ṣe ajílẹ̀ fún oko ẹlòmíràn.

Ebi ló wà nílẹ̀, ebi sì wà níwájú, nígbà tí ìjọba wá fún àdéhùn. Ìlú tí mò ń gbé yìí gan-an ló ti ṣẹlẹ̀, ní oṣù kẹsàn-án 1874. Alexander Morris, gómìnà, ló ṣíwájú àwọn aṣojú Ọbabìnrin Victoria, àwọn ṣọ́jà sì tẹ̀ lé wọn. Àwọn olóyè Cree àti Saulteaux jókòó, ṣùgbọ́n fún ọjọ́ bíi mélòó kan wọn ò gbà kí wọ́n mẹ́nu ba àdéhùn rárá. Ọ̀rọ̀ kan ló wà lọ́kàn wọn. Ilé-iṣẹ́ Hudson's Bay Company, tó ti ní ilé ìtajà níbí láti 1864, ti gba 300,000 pọ́n-ùn kó tó yọwọ́ nínú gbogbo ilẹ̀ àríwá yìí tí ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́ kàn fi ìwé fún un. Wọn ò bi onílẹ̀ léèrè. Olóyè Pasqua na ìka sí òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà tó wà ní ìjókòó, ó ní ṣebí ẹ sọ pé ẹ ti ta ilẹ̀ yín, ẹ sì ti gba owó. Owó yẹn ni àwa fẹ́. Nígbà tí mo kà á, mo rántí yín. Ohun tí ẹ̀yin náà ì bá sọ nìyẹn.

Wọn ò rí owó náà gbà. Ní ọjọ́ 15 oṣù náà, wọ́n fọwọ́ sí Àdéhùn Kẹrin. Ìjọba ṣèlérí ilẹ̀ tí wọ́n máa yà sọ́tọ̀ fún ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, máìlì kan níbùú lóròó fún ìdílé ẹlẹ́ni márùn-ún, ilé ẹ̀kọ́, ohun èlò oko àti irúgbìn, àǹfààní láti máa dẹdẹ, kí wọ́n sì máa pẹja, àti dọ́là 5 fún olúkúlùkù lọ́dọọdún. Dọ́là 5 náà ni wọ́n ṣì ń gbà títí dòní, kò lọ sókè. Ohun tí àwọn àgbà wọn ń sọ ni pé àwọn gbà kí àlejò wá bá àwọn gbé, kí wọ́n jọ máa jẹ ilẹ̀ náà, pé ọ̀rọ̀ títà kò sí nínú ohun tí àwọn fọwọ́ sí. Olóyè Pasqua ya àwòrán gbogbo ohun tí wọ́n ṣèlérí. Àwòrán náà ti kúrò ní ilẹ̀ yìí fún ìgbà pípẹ́, ó padà dé ní 2007, mùsíọ́mù ìjọba ní Regina ló gbà á. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ rí i.

Lẹ́yìn àdéhùn ni àwọn tó ń wọn ilẹ̀ dé. Wọ́n fi okùn irin gé gbogbo ọ̀dàn sí igun mẹ́rin mẹ́rin, máìlì mẹ́fà sí máìlì mẹ́fà, wọ́n tún pín ìkọ̀ọ̀kan sí 36. Ìdí nìyẹn tí ọ̀nà ibí fi gún régé. Àfonífojì nìkan ló kọ̀ fún wọn, òun ni ọ̀nà ṣì fi ń wọ́. Òfin 1872 ní kí ẹni tó bá ti dàgbà san dọ́là 10, kó gba éékà 160, kó kọ́lé síbẹ̀, kó sì ro ó fún ọdún mẹ́ta, ilẹ̀ á di tirẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi yí i padà, obìnrin tí kò lọ́kọ kò lè gbà mọ́ àfi bó bá jẹ́ opó tó ní ọmọ lọ́wọ́. Ọmọ onílẹ̀ gan-an kò lè gbà. Rélùwéè dé Regina ní 1882, àwọn èèyàn sì rọ́ wá.

Èmi ò ní fi ojú kéré ìyà àwọn tó rọ́ wá náà. W. R. Motherwell wá láti Ontario ní 1882, ó ń ṣa òkúta nínú oko rẹ̀ lọ́dọọdún títí ó fi tó kọ́lé ní 1897. Ilé náà ṣì dúró nítòsí Abernethy, ó gbayì púpọ̀. Òun ló wá di mínísítà ètò ọ̀gbìn. Àwọn ará Hungary tẹ̀dó sí Kaposvar ní 1886, wọ́n fi òkúta kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tó rẹwà. Àwọn Júù tó sá kúrò ní Romania dé ìtòsí Lipton ní 1901, itẹ́ òkú wọn ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló kọ́kọ́ fi koríko tó ta gbòǹgbò mọ́ iyẹ̀pẹ̀ mọ ilé, tí wọ́n sùn nínú rẹ̀ nígbà òtútù tó ń pa ẹran ọ̀sìn. Àwọn èèyàn dúdú náà wá láti Oklahoma ní 1910, wọ́n tẹ̀dó sí ìhà Maidstone, tó jìnnà sí wa níbí. Ṣọ́ọ̀ṣì onígi tí wọ́n kọ́ ṣì wà. Ọdún kejì tí wọ́n dé, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí àṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má gba èèyàn dúdú wọlé mọ́ fún ọdún kan. Wọ́n fagi lé e kó tó ṣiṣẹ́, àmọ́ wọ́n ti fọwọ́ sí i. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo àlejò ni wọ́n na ọwọ́ sí.

Ìjọba wá fi ajẹ́lẹ̀ jẹ lórí àwọn onílẹ̀. Lẹ́yìn ìjà tí àwọn Métis bá ìjọba jà ní 1885, ọmọ onílẹ̀ kò gbọdọ̀ jáde kúrò lórí ilẹ̀ tí wọ́n yà fún un láìgba ìwé lọ́wọ́ ajẹ́lẹ̀. Kò gbọdọ̀ ta àlìkámà tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn láìgba ìwé. Èyí tó dùn mí jù, torí pé ọmọ àgbẹ̀ ni mí, ni ti 1889: Hayter Reed, ọ̀gá àwọn ajẹ́lẹ̀, ní kí wọ́n má lo ẹ̀rọ oko mọ́, kí wọ́n fi dòjé àti ọkọ́ ro ilẹ̀ kékeré. Àwọn kan lára wọn ti ń pawó pọ̀ ra ẹ̀rọ, irè wọn ti ń dára, àwọn òyìnbó àdúgbò sì ti ń ráhùn pé wọ́n ń ba ọjà àwọn jẹ́. Ẹni tó bá wá sọ fún yín pé àwọn èèyàn wọ̀nyí kò mọ iṣẹ́ oko, ẹ bi í léèrè ẹni tó gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ wọn.

Wọ́n tún padà wá gé ilẹ̀ tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ náà kù. Olóyè Kahkewistahaw, tó fọwọ́ sí àdéhùn ní 1874, kò gbà kí wọ́n ta nínú ilẹ̀ àwọn èèyàn rẹ̀ títí ó fi kú ní 1906. Ọdún tó tẹ̀ lé e gan-an ni wọ́n gba èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ní àwọn ọdún 1940, ìjọba kọ́ ìsédò sí àwọn adágún kan nítorí ọ̀dá tó ti pa àwọn àgbẹ̀ lára, omi sì bo ilẹ̀ koríko àwọn onílẹ̀ létí odò, láìgba àṣẹ wọn.

Bàbá, ti ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n kó àwọn ọmọ onílẹ̀ sí ni mi ò fẹ́ kọ, àmọ́ ẹ̀yin tíṣà ni ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ. Ìjọba àti àwọn fadá ṣí èyí tó wà ní Lebret ní 1884. Ó di 1998 kí wọ́n tó tì í. Wọ́n ń gba àwọn ọmọ lọ́wọ́ òbí, wọ́n ń gé irun wọn, wọ́n ń nà wọ́n bí wọ́n bá sọ èdè ìyá wọn. Àwọn òbí ń pàgọ́ sí ìta ọgbà kí wọ́n lè rí ọmọ wọn lójú. Ní 2021, ní Marieval, níbi tí irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ wà tẹ́lẹ̀ nínú àfonífojì kan náà yìí, àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ Cowessess kéde pé àwọn rí ibojì 751 tí kò ní àmì. Wọ́n ṣàlàyé pé kì í ṣe ọmọdé nìkan ló wà níbẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ Star Blanket sọ pé àwọn rí egungun àgbọ̀n ọmọ kékeré kan ní Lebret. Mo wà ní ìlú nígbà tí ìròyìn náà jáde. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́, tí ìyá wọn lọ sí ilé ẹ̀kọ́ náà, kò lè sọ̀rọ̀.

Nídìí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tèmi náà, mo rí ipa rẹ̀. Létí adágún Echo ni wọ́n kọ́ ilé ìwòsàn ikọ́ ẹ̀gbẹ sí, ó ṣí ní 1917, ìpínlẹ̀ yìí ló sì kọ́kọ́ ń tọ́jú àrùn náà lọ́fẹ̀ẹ́ ní gbogbo Kánádà, láti 1929. Iṣẹ́ tó dára ni. Ní 1933, àwọn dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í dán abẹ́rẹ́ BCG, tó ń dènà ikọ́ ẹ̀gbẹ, wò lára àwọn ọmọ ọwọ́ onílẹ̀ nínú àfonífojì yìí. Abẹ́rẹ́ náà ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru àti òtútù àyà pa pọ̀ ju àwọn tí ikọ́ ẹ̀gbẹ pa lọ fíìfíì. Òṣì ló pa wọ́n, kò sì sí abẹ́rẹ́ òṣì.

Ìyá àgbà kan wà, ọmọ Cree, tí ọmọ ọmọ rẹ̀ àti ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ọmọ yín jọ wà ní kíláàsì kan. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí nígbà tí a pàdé ni pé ọmọ ta ni mí, àti pé níbo ni àwọn èèyàn mi wà. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bi mí bẹ́ẹ̀ ní ìlú yìí. Mo sọ fún un nípa Òkèhò: pé lẹ́yìn ogun 1916, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní kí gbogbo ìlú kó kúrò lórí òkè ní 1917, kí wọ́n lọ tẹ̀dó sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ níbi tí ojú ajẹ́lẹ̀ á ti tó wọn, pé ọmọ ọwọ́ ni bàbá yín nígbà náà, ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ló wà tí wọ́n fi gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ìyá náà fi ọwọ́ lé ọwọ́ mi. Ó ní, "Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n." Òun ló kọ́ mi pé ibi tí àwa á ti mú obì lọ bá àgbà, tábà ni wọ́n ń mú níbí.

Nítorí náà, ìdáhùn mi rèé. Àwọn ọmọ onílẹ̀ ń bẹ. Wọn ò tíì lọ síbì kankan. Pasqua, Piapot, Muscowpetung, Standing Buffalo, Sakimay, Cowessess, Kahkewistahaw, Ochapowace: gbogbo wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò yìí, wọ́n ní olóyè, wọ́n sì ń gba ẹjọ́ ilẹ̀ wọn rò nílé ẹjọ́. Wọ́n jàre nínú òmíràn. Ìjọba san owó fún àwọn Kahkewistahaw lórí ilẹ̀ 1907 yẹn. Wọ́n máa ń pé jọ sí ìlú wa lóṣù kẹsàn-án láti rántí àdéhùn náà.

A óò ra ilé náà. Bàbá àwọn ọmọ àti èmi ti sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Ìwé tí ẹni tó ń tà á ní lọ́wọ́, òfin mọ̀ ọ́n, a ò sì ní ibòmíràn tí a lè gbé nítòsí iṣẹ́. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí á wọlé bí ẹni tí kò bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Mo ti mú tábà lọ bá ìyá náà, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó wá gbàdúrà nínú ilé náà ní èdè rẹ̀ kí á tó kó ẹrù dé. Ó gbà. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin náà gbàdúrà lórí fóònù lọ́jọ́ kan náà, kí ẹ kí àwọn tó ni ilẹ̀ kí ẹ tó dárúkọ wa. Mo mọ̀ pé alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì lè ní èrò mìíràn lórí èyí. Ẹ bá mi bá wọn sọ ọ́.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ bẹ̀ yín. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ jókòó pẹ̀lú Bàbá Àgbà ìsàlẹ̀ ọjà nígbà tí ọkàn wọn ṣì pé, kí ẹ sì fi fóònù yín gba ohùn wọn sílẹ̀. Ẹ bi wọ́n ní ọ̀nà tí àwọn èèyàn wa gbà sọ̀ kalẹ̀ láti Òkèhò àtijọ́, ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ lókè, àti orúkọ agboolé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa níbẹ̀. Àwọn ọmọ yín ti ń béèrè, ohun tí mo mọ̀ kò sì tó láti fi dá wọn lóhùn.

Owó oògùn Màmá yóò wọlé kí oṣù tó parí. Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n má fi ra ìpápánu fún àwọn ọmọ àdúgbò. Ẹ bá mi kí gbogbo agboolé.

Èmi ni ọmọ yín,
Àjọkẹ́